Nọ́ńbà Kékeré Ló Ga: Títo Ipò Interrupt Nínú FreeRTOS

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe pátákó ìdarí ínfátà ń pọ̀ sí i ní Abẹ́òkúta, ìbéèrè tí mo sì máa ń gbọ́ jù lẹ́nu wọn ni ìdí tí ẹ̀rọ náà fi ń dákú lójijì, nígbà tí kóòdù kò ní àléébù kankan lójú. Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni ipò àwọn interrupt, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ èyí tí chip máa kọ́kọ́ dá lóhùn.

Interrupt ni ìpè tí apá kan nínú ẹ̀rọ fi ń sọ fún chip pé kó pa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tì, kó gbọ́ tòun ná. Lórí ARM Cortex-M, irú chip kékeré kan tó ń darí ẹ̀rọ, bí ipò ìdánwò ilé-ìwé ni nọ́ńbà wọn rí: èyí tó kéré jù ló ga jù. STM32F4, tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ní ipò 16, láti 0 dé 15. Àmọ́ nínú FreeRTOS, ètò kékeré tó ń pín àkókò chip fún àwọn iṣẹ́ inú kóòdù tí a ń pè ní task, nọ́ńbà tó tóbi ló ga fún àwọn task náà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣe ń to nǹkan sódì.

Ààlà tó ṣe kókó ni configMAX_SYSCALL_INTERRUPT_PRIORITY. Bí ààlà náà bá wà ní ipò 5, FreeRTOS kò lè dá àwọn ìpè ipò 0 sí 4 dúró, kódà nígbà tó bá ń tún àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ ṣe, nítorí náà wọn kò gbọdọ̀ ké pe function (ẹyọ kóòdù) rẹ̀ kankan. Àwọn ti ipò 5 sí 15 lè ké pè é, kìkì nípasẹ̀ àwọn tí orúkọ wọn parí sí FromISR. Ipò 0 ni chip ń fi gbogbo ìpè wọ̀nyí sí nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn. Ẹni tí kò bá yan ipò fún ìpè UART, apá tí chip fi ń bá ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀, tó sì kọ xQueueSendFromISR, function tó ń fi ìsọfúnni ránṣẹ́ sí task, sínú kóòdù ìpè náà, ti rú òfin yìí láìmọ̀.

Nínú ínfátà, ipò 1 ni mo máa ń fún ìpè tó ń gé agbára nígbà tí iná bá pọ̀ jù, kò sì ní ṣe ju kó pa àwọn tíránsístọ̀ lọ. Bó bá pọn dandan kí task kan gbọ́, ẹ jẹ́ kó fi NVIC_SetPendingIRQ jí ìpè mìíràn ní ipò 6, kí ìyẹn lọ jíṣẹ́.

Nínú FreeRTOSConfig.h, fáìlì tí a ti ń yan ètò FreeRTOS, 80 (5 × 16) ni a ń kọ fún ààlà ipò 5 yìí, torí pé bíìtì mẹ́rin òkè nìkan ni chip náà ń lò. NVIC_SetPriority, function tí a fi ń yan ipò ìpè, ní tirẹ̀ ń ṣe ìṣírò yẹn fúnra rẹ̀. Ẹ má fi ààlà náà sí 0 láé. Kí ẹ sì tan configASSERT, àyẹ̀wò àṣìṣe inú FreeRTOS, kí ẹ tó dán ẹ̀rọ wò, nítorí ojú ibi tí ìpè kan bá ti kọjá ààlà gan-an ni yóò ti dá kóòdù dúró.