Bí ìtànṣán tó wo jẹjẹrẹ sàn ṣe ń sọ ìlẹ̀kùn ọkàn di líle

Ìlẹ̀kùn mẹ́rin ló wà nínú ọkàn, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣí tí wọ́n sì ń padé ní nǹkan bí ìgbà 100,000 lójúmọ́ kí ẹ̀jẹ̀ má baà ṣẹ́rí padà. Nígbà tí wọ́n ń fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ Hodgkin (irú èyí tó ń mú àwọn kókó inú ara tó ń bá àrùn jà) ní nǹkan bí ọdún 1970, ọrùn, abíyá àti àárín àyà ni wọ́n ń tàn án sí, ìwọ̀n rẹ̀ sì sábà máa ń tó 35 sí 45 Gray, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán tó wọ ara. Ọ̀pọ̀ aláìsàn náà jẹ́ ọ̀dọ́, ara wọn sì yá, ṣùgbọ́n ọkàn wọn wà lójú ọ̀nà ìtànṣán.

Kì í ṣe pé ìtànṣán jó ìlẹ̀kùn náà lójú ẹsẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó bò ó lára ló ṣe léṣe, ara wá bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró: àpá ń gorí àpá, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ìlẹ̀kùn ń hùwà bí èyí tó ń mọ egungun, kálísíọ́mù sì ń dì mọ́ ọn títí yóò fi le gbagidi. Èyí lè gba ọdún mẹ́wàá sí ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ìlẹ̀kùn méjì apá òsì, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń fi agbára tì wọ́n jù, ló máa ń jìyà jù. Bí àwòrán ọkàn bá fi hàn pé ibi tí àwọn méjèèjì ti so kọ́ra ti nípọn, dókítà tó mọṣẹ́ yóò fura sí ìtànṣán.

Ìlẹ̀kùn náà sábà máa ń kọ́kọ́ jò, kó tó wá fún pọ̀. Ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn láìdúró tẹ́lẹ̀ yóò máa dúró mí lágbedeméjì, yóò sì sọ pé àgbà ló dé, nítorí ta ni yóò rántí ìtọ́jú ogún ọdún sẹ́yìn? Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dámọ̀ràn pé kí wọ́n ya àwòrán ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ara ìbáà le koko, kí wọ́n sì máa tún un yà ní ọdún márùn-ún márùn-ún.

Iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kò rọrùn, torí àpá ti lẹ àyà pọ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá sì lè ti le bí àwo tánganran. Fún àwọn kan, wọ́n máa ń gba inú iṣan itan gbé ìlẹ̀kùn tuntun wọlé. Lóde òní, ìwọ̀n ìtànṣán ti dínkù, wọ́n sì lè ní kí aláìsàn fa èémí sínú kó sì dá a dúró, kí ọkàn lè sún kúrò lójú ọ̀nà.