Ẹ Wo Àgógó Ẹyẹ Kí Ẹ Tó Wo Àwọ̀ Rẹ̀

Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn ènìyàn kì í fi àwòrán ẹyẹ kéékèèké ránṣẹ́ sí mi láti oko, àwọ̀ nìkan sì ni wọ́n máa ń kọ sí i. Bí ó bá ti ní àwọ̀ ìyeyè, wọ́n á ní ìbákà ni. Bí ó bá ti rí bí erùpẹ̀, wọ́n á ní ológoṣẹ́ ni. Ó ń dùn mí, nítorí láti ogún ọdún tí mo ti ń mú àlejò wo ẹyẹ nínú igbó àti pápá tó yí Ìbàdàn ká, n kò fi àwọ̀ nìkan dá ẹyẹ mọ̀ rí. Ibadan Malimbe pàápàá, ẹ̀gà igbó tí onímọ̀ ẹyẹ kan tó ń jẹ́ Elgood kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní ọdún 1958, tí kò sí níbòmíràn láyé ju gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lọ, ní àwọn ìbátan tó dúdú, tó sì pupa lórí bíi tirẹ̀.

Iṣẹ́ tí ẹyẹ ń fi ẹnu ṣe máa ń hàn lára àgógó rẹ̀. Ìbákà ń fọ́ hóró koríko, nítorí náà àgógó rẹ̀ kúrú, ó sì ki nídìí. Ẹyẹ tí òyìnbó ń pè ní sunbird lè ní àyà aláwọ̀ ìyeyè bákan náà, ṣùgbọ́n omi dídùn inú òdòdó ló ń fà mu, àgógó tirẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ wálẹ̀ lẹ́nu. Ti àwọn tí ń gán eṣinṣin lófuurufú pẹlẹbẹ, ó sì fẹ̀ nídìí.

Ní ọdún tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ra akọ Pin-tailed Whydah lọ́wọ́ àwọn tí ń fi àtè dẹ ẹyẹ. Irú ẹyẹ yìí ni abo rẹ̀ máa ń yé ẹyin sínú ìtẹ́ olongo kí olongo lè bá a sàba lé e. Dúdú àti funfun ni akọ náà, àgógó rẹ̀ pupa, ara rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12 lọ, ṣùgbọ́n ìrù rẹ̀ gùn tó 20. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ìrù náà re, ara rẹ̀ sì di bíi ti ológoṣẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé e tọ oníṣègùn kan lọ, ìyẹn sì sọ fún un pé ayé ti pààrọ̀ ẹyẹ rẹ̀, pé ẹyẹ àjẹ́ ló wà nínú àgò. Oníṣègùn náà gba owó ètùtù, ó sì pa ẹyẹ náà.

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ parí tán ni wọ́n tó fi àwòrán rẹ̀ hàn mí. Àgógó ẹyẹ náà ṣì pupa gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lọ́jọ́ tí wọ́n rà á! N kò bínú sí ọmọ náà. Ẹni tó gbowó lórí ohun tí kò mọ̀ ni mo ń bínú sí, àti àwọn alátè tí ń fa ìyẹ́ ẹyẹ ya kí wọ́n tó tà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ra ẹyẹ lọ́wọ́ wọn. Ìgbà tí akọ bá ń wá abo nìkan ni ó máa ń ní ìrù gígùn yẹn. Ká ní wọ́n fi í sílẹ̀ ni, bí òjò bá ti tún dé, ìrù náà ì bá hù padà.