Bí a ṣe ń fọ ẹ̀rọ ìfún-oyin kí ìda má baà dí i

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin oyin ní agbègbè Òṣogbo máa ń kórè. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á ti fún oyin tán, á ti rọ ọ́ sínú ìgò, inú rẹ̀ á máa dùn, kó tó wá bojú wo ẹ̀rọ, ìyẹn dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ń yí ọwọ́ rẹ̀ kí oyin lè jáde kúrò nínú afárá. Inú dúrọ́ọ̀mù ń fà, asẹ́ ti dí, ilẹ̀ pàápàá ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn ni ká gbé omi kaná. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta ló wà lára ẹ̀rọ yẹn, ìwà wọn ò sì jọra: oyin fúnra rẹ̀, ìda, àti àtè dúdú tí kòkòrò oyin ń fi oje igi ṣe láti dí ihò ilé wọn, tí wọ́n ń pè ní propolis. Oyin ò le rárá. Omi tútù lásán ti tó láti ṣàn án dànù. Ìda ò ka omi sí, ooru ló ń bẹ̀rù. Bí omi bá ti gbóná tó nǹkan bíi 62 sí 64 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó ń yọ́. Bó bá sì yọ́, kì í lọ. Á tẹ́ bí òróró sí gbogbo ara irin, á ṣàn wọ ẹnu ẹ̀rọ, á tún dì síbẹ̀ nígbà tí omi bá tutù. Ìda tí èèkánná ìbá hó kúrò lójú kan ti wá di awọ fẹ́lẹ́ tí kànrìnkàn ò rí mú. Bí wọ́n bá da omi ọ̀hún sí páìpù ilé ìwẹ̀, ọ̀rọ̀ á dé etí onílé.

Nítorí náà, omi tútù ló ṣáájú. Kí omi tó dé rárá, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ sun ọjọ́ kan ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ ṣí sórí korobá, kí aṣọ sì bò ó nítorí èèrà. Oyin tó máa kán sínú korobá yẹn lóru kì í ṣe kékeré. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ọwọ́ tàbí igi pẹlẹbẹ hó ìda, kì í ṣe kànrìnkàn onírin, torí ojú ibi tó bá ha ni ìdọ̀tí á máa sá pamọ́ sí. Ẹ má da ìda yẹn nù. Àwọn oníbàtíìkì ń lò ó.

Wọ́n á wá da omi tútù sí i, wọ́n á yí ọwọ́ ẹ̀rọ bíi ìgbà mélòó kan, wọ́n á dà á nù, wọ́n á tún un ṣe títí ìka ò fi ní fà mọ́. Omi àkọ́kọ́ dùn, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí wọ́n dà á sí gbangba. Bí kòkòrò oyin kan bá tọ́ ọ wò, á padà lọ pe ará ilé rẹ̀, oyin tiwa níbí kì í sì í fara balẹ̀ bí ìjà bá dé. Inú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì, tàbí lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ló dára jù. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé ẹ̀rọ síta kí kòkòrò oyin lá a mọ́: àwọn ilé oyin á bẹ̀rẹ̀ sí í ja ara wọn lólè, àìsàn inú ọ̀kan á sì ran èkejì.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ọwọ́ lè gbà ló tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀ tí kò ní lọ́fínńdà. Ní ìlú tí wọ́n ti ń gbé oyin lọ fún Ọ̀ṣun, oníbàárà tó bá gbóòórùn ọṣẹ nínú oyin ò ní padà wá.

Àtè ló lágídí jù. Omi káún ń rọ̀ ọ́, ògógóró ń yọ́ ọ. Ṣùgbọ́n káún máa ń jẹ alumíníọ̀mù, ògógóró ò sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ iná. Asẹ́ kékeré lè wọ fírísà bí iná bá wà. Àtè á le gbagidi, á sì máa fọ́ kúrò. Ìgbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni omi gbígbóná ń wọlé, nígbà tí ìda tó lè dì ò ti sí mọ́.

Bí ara irin bá mọ́, omi máa ń tẹ́ lórí rẹ̀. Ibi tó bá ti kó ara jọ ní hóró-hóró bí ìrì, ìda ṣì wà níbẹ̀. Ibi tí ọwọ́ ẹ̀rọ ti ń yí kì í fẹ́ omi, àkísà tútù ti tó o. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo rẹ̀ gbẹ pátápátá, torí oyin máa ń fa omi mọ́ra. Bí omi inú rẹ̀ bá ti kọjá 20 nínú 100, ó lè kan, kí òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti ẹmu àná.

Ẹ̀rọ yíyá ni ọ̀pọ̀ ń lò, torí owó rẹ̀. Ẹni tó lò ó kẹ́yìn lè sọ pé òun ti fọ̀ ọ́. Ẹ tú ẹnu rẹ̀, kí ẹ ti ìka bọ ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ ara ẹ̀rọ kí ẹ tó dáhùn.