"Ẹ̀kọ́ kúkú ni wọ́n fẹ́ fi ṣe": Fọ́tókọ́pì àti òfin kọ́píráìtì

Ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì tó wà lẹ́nu géètì yunifásítì. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, ẹ̀rọ ti gbóná, àwọn ìwé tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà sì wà lórí pákó lẹ́yìn ọlọ́jà, bírò ni wọ́n fi kọ kóòdù kọ́ọ̀sì sára wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ á dé, á pe kóòdù, kò sì ní pẹ́ tí wọ́n á fi gbé odindi ìwé lé e lọ́wọ́. Ẹ bi wọ́n bóyá òfin gbà á. "Ẹ̀kọ́ kúkú ni wọ́n fẹ́ fi ṣe." (Owó ti wọ dúrọ́ọ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ tán.)

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, òun ni kò jẹ́ kí àṣìṣe náà, pé tó bá ti jẹ́ fún ẹ̀kọ́, òfin gbà á, tètè kú. Òfin Kọ́píráìtì Nàìjíríà ti 2022, tí ààrẹ buwọ́ lù ní 2023, gbà kí èèyàn ṣe ẹ̀dà fún ìlò ara rẹ̀, fún ìwádìí tí kì í ṣe ti òwò, àti fún ìkẹ́kọ̀ọ́ àdáṣe. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́rin ló ní ká wò: kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀dà náà ṣe, irú iṣẹ́ wo ni, báwo ni ohun tí wọ́n mú níbẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ṣé kò sì ní ba ọjà ẹni tó ni ín jẹ́? Ibi àkọ́kọ́ nìkan ni "ẹ̀kọ́" ti lè gbani sílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ sí láíbìrì, tó ṣe ẹ̀dà àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo láti inú jọ́nà kó lè kà á nílé, ta ló máa pè é lẹ́jọ́? Ṣùgbọ́n ká ní olùkọ́ fún aṣojú kíláàsì ní odindi ìwé, pé kó lọ ṣe igba ẹ̀dà. Àwọn igba ọmọ yẹn gan-an ni oníbàárà tí òǹkọ̀wé ní. Ta ló kù tó máa ra ìwé náà?

Àwọn mìíràn á ní òfin gbà kí èèyàn ṣe ẹ̀dà ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìwé kan. Kò sí iye kankan nínú àwọn nǹkan mẹ́rin yẹn. Ní Amẹ́ríkà, àwọn olùkọ́ àti onítẹ̀wé ṣe àdéhùn kan ní 1976 tó dárúkọ ìdá mẹ́wàá, àmọ́ àdéhùn ni, kì í ṣe òfin. Ní Britain, inú ìwé àṣẹ tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ń sanwó fún ló wà. Owó ni wọ́n fi ra ìdá mẹ́wàá tiwọn.

Òfin wa àtijọ́ ti 1988 tilẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí láyè láti ṣe ẹ̀dà, àmọ́ ó ní kí wọ́n run ún kó tó pé oṣù méjìlá, bí kò bá sí gbèdéke mìíràn. Mi ò tíì rí ṣọ́ọ̀bù tó run ohunkóhun.

Ní 1991, Kinko's, ilé iṣẹ́ fọ́tókọ́pì kan ní Amẹ́ríkà, sọ ní kóòtù New York pé ẹ̀kọ́ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, lórí àkójọ ìwé kíkà tó ń tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Adájọ́ ní ẹ̀kọ́ lè jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́, èrè ni ti Kinko's, ó sì ní kí wọ́n san $510,000 fún àwọn onítẹ̀wé. Ní Delhi ní 2016, ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì inú yunifásítì jàre àwọn onítẹ̀wé ńlá, torí òfin India dárúkọ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ pé wọ́n lè ṣe ẹ̀dà fún ìkọ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹjọ́ Delhi gbèjà ara rẹ̀ ní Ìbàdàn, kó rántí pé òfin India kọ́ là ń lò.

Fún ẹ̀dà púpọ̀, àṣẹ la máa ń gbà. REPRONIG ni ẹgbẹ́ tó ń fúnni ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Èyí tó máa ń ya àwọn olùkọ́ lẹ́nu jù nìyí: ẹni tó bá ti buwọ́ lùwé pé òun gbé ẹ̀tọ́ àpilẹ̀kọ òun fún jọ́nà, àfi tí àdéhùn bá fún un láyè, òun náà gbọ́dọ̀ tọrọ àṣẹ kó tó pín in fún kíláàsì rẹ̀.