Jẹjẹrẹ awọ ara ní Ìbàdàn

Jẹjẹrẹ awọ ara ni àìsàn tó máa ń wáyé nígbà tí sẹ́ẹ̀lì awọ bá ń pọ̀ láìníjàánu, tó sì ń ba ẹran ara tó yí i ká jẹ́. Ní Ìbàdàn, kò wọ́pọ̀ tó jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti ẹnu ilé ọmọ, ṣùgbọ́n ó ń pa èèyàn, pàápàá nítorí pé aláìsàn kì í tètè dé ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn ńlá UCH (University College Hospital) ní Oríta Mẹ́fà, tí wọ́n ṣí ní 1957, ni wọ́n sábà ń darí wọn sí.

Ibi tó ti ń yọ

Lára àwọn aláwọ̀ funfun, oòrùn ló ń fa èyí tó pọ̀ jù. Ti aláwọ̀ dúdú yàtọ̀, torí méláníìnì tó sọ awọ di dúdú ń gba oòrùn sára. Ẹsẹ̀ ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Oríṣi tí àwọn dókítà ń pè ní squamous cell carcinoma ló wọ́pọ̀, ojú egbò àdáàjinná àti àpá iná ló sì sábà ti ń yọ. Egbò ojúgun tí wọ́n ti ń fi ewé àti àgbo wẹ̀ láti ogún ọdún yóò ṣàdédé máa wú ẹran, etí rẹ̀ yóò le, yóò máa rùn, yóò sì máa ṣẹ̀jẹ̀ bí aṣọ bá kàn án. Egbò Marjolin ni wọ́n ń pe irú èyí.

Oríṣi mìíràn, mẹlanóma, tó ń bẹ̀rẹ̀ láti inú sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe méláníìnì, ṣọ̀wọ́n, àmọ́ òun ló burú jù. Àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí abẹ́ èékánná ló sábà ti ń yọ lára aláwọ̀ dúdú: àmì dúdú tí etí rẹ̀ kò gún, tó ń fẹ̀ sí i. Irú rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ-ìka ẹsẹ̀ Bob Marley, olórin régè, tó sì pa á ní 1981, lẹ́ni ọdún 36.

Àfín kò ní ààbò méláníìnì yẹn. Ojú, etí, ètè, ọrùn àti ẹ̀yìn ọwọ́ wọn ló ń fara gbá a, ẹlòmíràn kò sì tíì pé ọgbọ̀n ọdún tó fi ń yọ. Ẹni òrìṣà ni Yorùbá ń pe àfín, ti Ọbàtálá ni wọ́n. Síbẹ̀, ọmọ àfín ṣì ń kiri ọjà lọ́sàn-án gangan láìdé àkẹtẹ̀, ohun tí kò yẹ kí òbí kankan fàyè gbà. Ìpẹ́pẹ́ gbígbẹ tí kì í lọ níwájú orí wọn lè di jẹjẹrẹ bí a kò bá tọ́jú rẹ̀. Dókítà lè fi náítrójìn olómi, tó tutù ju yìnyín lọ, jó o tàbí fi ìpara fluorouracil pa á.

Àyẹ̀wò àti ìtọ́jú

Ojú lásán kò tó láti mọ̀ ọ́n. Dókítà yóò yẹ gbogbo ara wò, yóò sì fọwọ́ wá kókó ní abẹ́ itan àti abíyá. Lẹ́yìn náà ni wọn á gún abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú ibẹ̀ kú, wọn á gé díẹ̀ lára etí egbò náà. Etí ni, kì í ṣe àárín, torí ẹran tó ti kú ló sábà ń wà láàrin. Inú ìgò fọ́málínì, omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, ni wọn ń kó o sí lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí abẹ bá ti kan jẹjẹrẹ, yóò ràn káàkiri. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdádúró ló ń jẹ́ kó ràn.

Iṣẹ́ abẹ ni olórí ìtọ́jú: wọn á gé e pẹ̀lú awọ tó dá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn á sì lè mú awọ itan bo ojú rẹ̀. Bó bá ti wọ egungun, ó lè di dandan kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Wọ́n tún ń lo ìtànṣán àti oògùn kẹ́mò, ìyẹn oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Àpò aláìsàn ni owó rẹ̀ sábà ti ń wá, ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń dá a dúró ní agbede méjì.

Yíyẹ ara wò lóòrèkóòrè

Ó yẹ kí àfín rí dókítà awọ ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, kí ó máa wọ aṣọ alápá gígùn, kí ó sì máa fi ìpara adènà oòrùn tí SPF rẹ̀ (ìwọ̀n agbára tó fi ń dènà oòrùn) kò dín ní 30 pa ara. Ẹni tó ní egbò tàbí àpá iná ńlá lè máa wo ojú rẹ̀ lóṣooṣù. Kí gbogbo èèyàn máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ-ìka; ẹni tí kò bá lè tẹ̀ wò ó, kí ó lo díńgí tàbí kí ó ní kí ará ilé bá òun wò ó. Ẹni tí wọ́n ti tọ́jú yóò ṣì máa padà fún àyẹ̀wò fún ọdún púpọ̀, nítorí ó lè tún yọ lójú kan náà tàbí níbòmíràn.