“Ẹ Má Ṣe Dáni Lẹ́jọ́”: Ohun tí Jésù Sọ, àti Èyí tí A Fi Kún Un

Ẹsẹ Bíbélì kan wà tí ẹni tí kì í ka Bíbélì pàápàá mọ̀ sórí ní ilẹ̀ Ọ̀kun: “Ẹ má ṣe dáni lẹ́jọ́, kí a má ba à dá yín lẹ́jọ́.” Mátíù 7, ẹsẹ 1. Ẹ ó gbọ́ ọ ní Kábà, ẹ ó gbọ́ ọ ní Ìsánlú àti Mọ̀pà, nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Lọ́kọ́ja, níbi ìnáwó, àti nínú ìpàdé ìjọ. Ìgbà tí wọ́n sì sábà máa ń fà á yọ ni ìgbà tí ẹnì kan bá fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíì kò fẹ́ dáhùn. Akápò ẹgbẹ́ gba owó ìkórè sọ́wọ́, oṣù ń gorí oṣù, kò ka ìwé owó sétí ẹgbẹ́. Ìyá kan dìde, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn mọ ibi tí owó dé dúró. Lójú ẹsẹ̀ lẹnì kan á ti dá a lóhùn: “Màmá, Jésù ní ká má dáni lẹ́jọ́ o.” Ilé á pa lọ́lọ́. Ìyá á jókòó, ojú á sì máa tì í bí ẹni pé òun gan-an ló kó owó jẹ.

Ìgbàgbọ́ tó wà nídìí ìdáhùn yẹn ni pé Jésù ti ka á léèwọ̀ kí Kristẹni sọ fún Kristẹni pé ohun tó ń ṣe kò dára, àti pé ẹni tó bá ní ìrẹ̀lẹ̀ kò gbọdọ̀ yanu nípa ìwà ẹnikẹ́ni. Jésù kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí sì ká mi lára púpọ̀, nítorí mo ti rí bó ṣe ń pa àwọn ọlọ́kàn rere lẹ́nu mọ́ nínú ìjọ, tó sì ń fún àwọn tó yẹ kí wọ́n dáhùn ẹjọ́ ní ibi tí wọ́n lè sá sí.

Ẹ ṣí Mátíù orí keje, kí ẹ má sì dúró ní ẹsẹ kìíní. Ẹsẹ kejì ní irú òṣùwọ̀n tí a bá fi wọ̀n fún ẹlòmíì ni wọn yóò fi wọ̀n fún wa. Lẹ́yìn náà ló kan ọkùnrin tí ìtí igi wà lójú rẹ̀, tó sì ń wo ẹrún igi lójú arákùnrin rẹ̀. Gbogbo wa la mọ apá ibẹ̀. Ibi tí Jésù parí ọ̀rọ̀ náà sí la máa ń fò: “Kọ́kọ́ yọ ìtí igi kúrò lójú ara rẹ ná, nígbà náà ni ìwọ yóò ríran kedere láti yọ ẹrún igi kúrò lójú arákùnrin rẹ.” Kò ní ká fi ẹrún igi náà sílẹ̀ síbẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹrún igi ń dunni, pé ó lè ba ojú jẹ́. Ẹni tí a ó kọ́kọ́ tọ́jú ló sọ fún wa. Tiwa ni ìṣáájú, ti arákùnrin wa ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá sì yọ tirẹ̀ tán tó wá jókòó, kò tíì ṣe iṣẹ́ tí Jésù rán an délẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣiyèméjì, kó máa ka orí keje kan náà lọ. Ní ẹsẹ 6, Jésù ní ká má fi ohun mímọ́ fún ajá, ká má sì ju péálì síwájú ẹlẹ́dẹ̀. Ta ló lè pa ìyẹn mọ́ láìfara balẹ̀ mọ irú ẹni tó wà níwájú òun? Ní ẹsẹ 15, ó ní ká ṣọ́ra fún àwọn wòlíì èké tó fi awọ àgùntàn bora, pé èso wọn la ó fi mọ̀ wọ́n. Nínú Jòhánù 7:24 ló tilẹ̀ ti là á mọ́lẹ̀ pé ká má ṣe ìdájọ́ nípa ohun tí ojú rí lásán, ká máa ṣe ìdájọ́ òdodo. Bó bá jẹ́ pé dídákẹ́ ni ìfẹ́ Ọlọ́run ni, wòlíì Nátánì ì bá ti jókòó sílé rẹ̀, Dáfídì ì bá sì máa gbé inú ẹ̀jẹ̀ Ùráyà títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ní ti akápò wa, owó gbogbo ẹgbẹ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kíka ìwé owó kì í ṣe ẹ̀sùn, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Akápò tó jẹ́ olóòótọ́ gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kà á.

Ẹ tún wo irú iṣẹ́ tí Jésù fi ṣàpèjúwe. Kí ìdọ̀tí kó sí ọmọdé lójú nídìí ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, ẹ ó rí bí ìyá rẹ̀ yóò ṣe ṣe é. Á kọ́kọ́ ṣan ọwọ́ rẹ̀. Á fa ọmọ náà kúrò nínú èéfín, á gbé ojú rẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀, á fi àtàǹpàkò rọra gbé ìpéǹpéjú, á máa bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó má bàa jà, kó tó fi etí aṣọ tó mọ́ gbá ìdọ̀tí náà sí ẹ̀gbẹ́. Bí èéfín bá ti kún ojú òun fúnra rẹ̀ tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò ní í dáwọ́ lé e. Á kọ́kọ́ nu ojú tirẹ̀, tàbí kó pe aládùúgbò rẹ̀ pé, “Jọ̀ọ́, bá mi wò ó.” Kò sí ìyá tó máa ń jáwọ́ lọ́rọ̀ ojú ọmọ rẹ̀ pé ojú òun náà kò mọ́. Kò sì sí èyí tó máa ń fi ẹ̀ka igi yọ ọ́.

Àmọ́ o, àwa tí a fẹ́ràn àtimáa tọ́ni sọ́nà ní ìgbàgbọ́ òdì tiwa, lójú tèmi, òun ló sì bí ti àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sá sábẹ́ “ẹ má dáni lẹ́jọ́” ni ìdájọ́ ìkà ti dá lọ́gbẹ́ rí. A rò pé a ti yẹ ara wa wò nígbà tí a bá ti sọ gbólóhùn kan ṣáájú ọ̀rọ̀: “Èmi náà kì í ṣe ẹni pípé o, àmọ́ ohun tí arábìnrin yẹn ń ṣe…” Gbólóhùn yẹn kò yọ ohunkóhun kúrò lójú ẹnikẹ́ni. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé a kì í ṣe ẹni pípé. Ohun tí yíyẹ ara ẹni wò ń béèrè ni kí ẹni náà dárúkọ ohun tí òun ṣe, pàápàá ohun tí òun ṣe nínú ọ̀ràn tó wà nílẹ̀ gan-an.

Ẹni tó fi èyí hàn wá jù lọ ni Júdà, nínú Jẹ́nẹ́sísì 38. Támárì jẹ́ opó ọmọ rẹ̀. Júdà ní kó lọ máa dúró nílé bàbá rẹ̀ títí Ṣélà, àbíkẹ́yìn òun, yóò fi dàgbà. Ṣélà dàgbà, Júdà kò fi í fún un. Obìnrin náà fi ìbòjú bojú, ó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, Júdà kò dá a mọ̀, ó rò pé aṣẹ́wó ni, ó wọlé tọ̀ ọ́, ó sì fi òrùka èdìdì rẹ̀, okùn rẹ̀ àti ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ dógò. Ní bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n wá sọ fún Júdà pé ìyàwó ọmọ rẹ̀ ti ṣe àgbèrè, ó sì ti lóyún. Kò béèrè ohunkóhun. Ó ní, “Ẹ mú un jáde wá, kí a sì dáná sun ún.” Bàbá òṣìkà ni ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, bẹ́ẹ̀ Júdà kò tilẹ̀ gbọ́ ẹyọ kan. Ìgbà tí Támárì fi àwọn ohun tí Júdà fi dógò ránṣẹ́ sí i ni Júdà tó mọ̀ pé òun ló fún un lóyún. Kò wá sọ pé “gbogbo wa la dẹ́ṣẹ̀.” Ohun tó sọ ni pé: “Ó ṣe olódodo jù mí lọ, nítorí tí èmi kò fi í fún Ṣélà ọmọ mi.” Ó dárúkọ ohun tó yẹ kó ṣe tí kò ṣe, èyí tó ti obìnrin náà débi tó dé.

Mo máa ń rántí Júdà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe ọmọbìnrin kan síwájú ìgbìmọ̀ ìjọ nítorí oyún. Ẹ̀yin náà ti rí i. Wọ́n á bọ́ aṣọ akọrin lọ́rùn rẹ̀, wọ́n á ní kó lọ máa jókòó sẹ́yìn, orúkọ rẹ̀ á jáde nínú ìkéde lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyá rẹ̀ á sì máa gba ẹ̀yìnkùlé lọ sọ́jà. Ọmọkùnrin tó fún un lóyún ń lu ìlù lọ. Mi ò sọ pé kí ìjọ má báni wí. Ìjọ tí kò báni wí kò fẹ́ràn àwọn ọmọ rẹ̀. Àmọ́ kí ìgbìmọ̀ tó pe ọmọ yẹn, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n bi ara wọn léèrè. Ta ló fún un lóyún, kí ló dé tí a kò pe ìyẹn? Ṣé alàgbà kan wà láàárín wa tó mọ̀, tó dákẹ́ nítorí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni? Ta nínú wa ló ti bá àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí jókòó sọ̀rọ̀ rí kí nǹkan tó bàjẹ́? Ìgbìmọ̀ tó bá dáhùn ìbéèrè wọ̀nyẹn ní òótọ́ yóò ṣì báni wí, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò ní í rí bákan náà mọ́, ẹni méjì ni wọn yóò sì pè.

Ìtàn kan wà ní Lọ́kọ́ja tó yẹ kí gbogbo onígbàgbọ́ apá ibí mọ̀. Láti 1857 ni iṣẹ́ ìhìnrere Odò Ọya ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Ajayi Crowther, tí wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, Lọ́kọ́ja sì wà lára àwọn ibùdó rẹ̀. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì dé láti Ìlú Ọba, wọ́n fi Lọ́kọ́ja ṣe ibùjókòó. Graham Wilmot Brooke, tí kò tíì pé ẹni ọgbọ̀n ọdún, àti J. A. Robinson ni aṣáájú wọn. Wọ́n ní ìtara, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n wọ aṣọ bíi ti ará ìlú kí wọ́n lè sún mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n dójú lé àwọn òṣìṣẹ́ Crowther, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Áfíríkà. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, níbi ìpàdé ìgbìmọ̀ kan ní Onitsha, wọ́n fi ẹ̀sùn kan wọn lójú bàbá náà, tó ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún, wọ́n sì dá àwọn kan dúró lẹ́nu iṣẹ́. Crowther fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, 1891.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀sùn náà ló jẹ́ irọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí ìwà wọn kò bá ìhìnrere mu, ó sì yẹ kí ẹnì kan sọ ọ́. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ nìyẹn, pé ẹrún igi wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ yọ ọ́ kò rí ìgbéraga tó wà lójú tiwọn, tó jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀ṣẹ̀ àwọn díẹ̀ ka ìyà sí gbogbo ènìyàn dúdú lórùn. Bẹ́ẹ̀ àwọn baba wa ti ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Robinson kú sí Lọ́kọ́ja ní 1891, Brooke náà kú síbẹ̀ ní 1892. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹ̀san ni. Jésù ti dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́kun nínú Lúùkù 13, nígbà tó sọ nípa àwọn 18 tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa. Ní oṣù kẹfà 2014, ní Canterbury, Justin Welby, tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìjọ Áńgílíkà nígbà náà, tọrọ àforíjì ní gbangba lórí ohun tí wọ́n ṣe sí Crowther. Ó gba ìjọ yẹn ní ọdún tó lé ní 120 kí ó tó dárúkọ ìtí igi náà.

Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Nítorí náà la ṣe nílò ara wa, nítorí náà náà ni “ẹ má dáni lẹ́jọ́” tí a fi ń pa ẹnu ara wa dé ṣe léwu tó bẹ́ẹ̀: ó ń fi oníkálukú sílẹ̀ pẹ̀lú ìpàkọ́ tí kò lè dá rí.

Báwo la ṣe fẹ́ ṣe é? Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àárín yín, Mátíù 18:15 ní ìwọ àti òun nìkan ni. Ẹ lọ bá a nílé nírọ̀lẹ́, ẹ kí i “Ọ̀kun o,” ẹ jókòó, kí ẹ má mú ẹnì kẹta dání, kí ẹ má sì tíì fi sínú àdúrà ẹgbẹ́. Bó bá jẹ́ ti gbogbo ìjọ, bí owó ìkórè, ẹ béèrè rẹ̀ nínú ìpàdé láìbú ẹnikẹ́ni. Bí ẹni náà bá dá a padà fún yín pé ẹ̀yin náà ń ṣe báyìí báyìí, ẹ gbọ́ ọ parí. Bó bá jẹ́ òótọ́, ẹ gbà á níbẹ̀, kí ẹ tó padà sórí ohun tí ẹ bá wá. Nínú Gálátíà 6:1, Pọ́ọ̀lù ní ká fi ẹ̀mí ìwà tútù mú ẹni tó bá ṣubú padà bọ̀ sípò, ká máa kíyè sí ara wa, ká má bàa dán àwa náà wò. Pọ́ọ̀lù yìí kan náà, nínú lẹ́tà kan náà, ló ròyìn bí òun ṣe bá Pétérù wí lójú gbogbo ènìyàn ní Áńtíókù, nítorí pé gbangba ni Pétérù ti yẹra fún bíbá àwọn Kèfèrí jẹun. Nínú ìwé tó ń jẹ́ 2 Pétérù, orí kẹta, ẹsẹ 15, “Pọ́ọ̀lù arákùnrin wa olùfẹ́” ni ó pè é.