Àyà Fúyẹ́, Ọ̀nà Èémí Kò Tíì Ṣí

Ẹni tó ní ikọ́ fée, tí àwọn míì ń pè ní ásímà, á mu àgbo tàbí kó fi nǹkan kan para, á ní, "Àyà mi ti fúyẹ́." Òótọ́ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n àyà tó fúyẹ́ lọ́tọ̀, ọ̀nà èémí tó ṣí lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀kan pe èkejì, ẹ̀mí rẹ̀ ló fi ń wewu.

Lọ́dún 2011, àwọn dókítà kan ní ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà, gbé èsì ìwádìí jáde nínú New England Journal of Medicine, ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn. Àwọn 39 tó ní ikọ́ fée ló bá wọn dé òpin rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n á fún ẹnì kan ní ínhélà, ike tí a fi ń fa oògùn sínú àyà, tó ní salbutamol, oògùn tó ń ṣí ọ̀nà èémí, nínú. Lọ́jọ́ mìíràn, ínhélà tó jọ ọ́ bí ìbejì, àmọ́ tí kò sí oògùn nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, abẹ́rẹ́ ìtọ́jú àwọn ará Ṣáínà (acupuncture), irú èyí tí ẹnu rẹ̀ máa ń wọ inú èèkù padà tí wọ́n bá tì í, tí kì í gún ara rárá. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹni náà á kàn jókòó. Nínú ínhélà méjèèjì, aláìsàn ò mọ èyí tó jẹ́ ti gidi, ẹni tó gbé e fún un náà ò mọ̀.

Wọ́n wá bi wọ́n bí ara ṣe rí. Fún oògùn gidi, wọ́n ní ara àwọn fúyẹ́ ní ìdá 50 nínú 100. Ínhélà òfìfo, 45. Abẹ́rẹ́ tí kò gún ara, 46. Jíjókòó lásán, 21. Ẹnu aláìsàn ò fi oògùn yàtọ̀ sí òfìfo. Ẹ̀rọ tó ń wọn èémí tó ń jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ló sọ tòótọ́: oògùn gidi fi nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 kún un, àwọn mẹ́ta yòókù ò ju nǹkan bí 7 lọ. Ìyẹn ni pé abẹ́rẹ́ àti ínhélà òfìfo ò ṣí ọ̀nà èémí ju ìjókòó lásán lọ.

Iṣẹ́ plasíbò nìyẹn, ohun tó jọ ìtọ́jú tí kò ní èròjà ìtọ́jú nínú. Ọpọlọ ló ń mọ ìnira lára, bó bá sì ti gbà pé ìrànlọ́wọ́ dé, ìnira náà lè dín kù. Ṣùgbọ́n iṣan tó fún mọ́ ọ̀nà èémí, ara inú rẹ̀ tó wú àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó dí i kì í gbọ́ ti ọpọlọ bẹ́ẹ̀. Ohun mìíràn tún wà: ọjọ́ tí ikọ́ bá le jù la máa ń wá nǹkan lò, ikọ́ fée a sì máa dẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí a lò lálẹ́ àná ló máa gba ọpẹ́ òwúrọ̀.

Kì í ṣe pé ewé ò wúlò. Inú ewé Artemisia annua ni artemisinin tí a fi ń wo ibà ti wá. Kí a wọn èémí ká tó gbà pé ewé kan ṣí ọ̀nà èémí ni.

Peak flow meter, ike kékeré tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí, ni ẹ máa fi wọn èémí nílé. Ẹ dìde dúró, ẹ ti àmì rẹ̀ padà sí òdo, ẹ fa èémí sínú kún, ẹ fi ètè di ẹnu rẹ̀ pinpin, kí ẹ fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, kíákíá, pẹ̀lú gbogbo agbára. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ kọ èyí tó ga jù sílẹ̀. Bí ètè bá ṣí tàbí tí ìka bá dí àmì náà lọ́wọ́, nọ́ńbà á wálẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ bí ẹni tutọ́, á ga lórí irọ́. Ẹ máa ṣe é láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí ara le, ẹ má sì dá ínhélà tí dókítà ní kí ẹ máa lò lójoojúmọ́ dúró nítorí ohunkóhun tí ẹ fẹ́ dán wò. Nọ́ńbà tó ga jù lọ nínú ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni òṣùwọ̀n yín.

Ká ní 400 ni. Bó bá wálẹ̀ ju 320 lọ, ọ̀nà èémí ti ń fún, ẹ tẹ̀ lé ètò tí dókítà ṣe fún yín, kódà bí àyà bá fúyẹ́. Bó bá wálẹ̀ ju 200 lọ, ẹ jókòó nàró, ẹ má dùbúlẹ̀. Ẹ fa ínhélà aláwọ̀ búlúù (ti salbutamol) láti inú spacer, ike tí a ń fi sí ẹnu ínhélà kí oògùn lè wọ àyà dáadáa, ìtẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, kí ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60 wà láàárín, kó má ju mẹ́wàá lọ, kí ẹ sì máa lọ sí ọsibítù. Ẹni tí kò lè sọ gbólóhùn kan parí, tàbí tí ètè rẹ̀ ń dúdú, kò gbọ́dọ̀ dúró wọn nǹkan kan.